Áàpù Tó Ń Rán Bàbá Mi Létí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ibi Tó Ti Wúlò àti Ibi Tó Kù Sí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ráyè kà á tán. Áàpù tó ń rán àgbàlagbà létí láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wúlò, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó yẹ lórí fóònù òbí yín, bí òbí náà bá fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọmọ nìkan lẹ fẹ́ ẹ, kò ní pẹ́ di ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ bínú síra yín. Mo fún un ní ìràwọ̀ 3 àtààbọ̀ nínú 5. Mi ò ní dárúkọ áàpù náà, torí àléébù tí mo fẹ́ sọ kò pin sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí mo gbé yẹ̀ wò kí n tó mú un ló ní in.

Bàbá mi ti kọjá ọdún 75. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ojú ò sì rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ń dá gbé, wọ́n ń dáná fúnra wọn, wọ́n sì fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí mi, àkọ́bí wọn, ń gbé nítòsí. Ọ̀nà tèmi jìn. Oògùn mẹ́ta ni dókítà kọ fún Bàbá: amlodipine, lisinopril, àti hydrochlorothiazide, èyí tó máa ń mú kí èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé kí ló le nínú hóró mẹ́ta lójúmọ́. Ohun tó le ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, orí náà ni yóò rán an létí oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ọpọlọ, ọkàn, kíndìnrín tàbí ojú. Ara Bàbá yá, wọ́n ń rìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oògùn sì wà lórí tábìlì. Kì í ṣe tiwọn nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ti ọdún 2003 pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó pàápàá, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2023, àjọ yìí kan náà sọ pé àwọn àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé ti lé ní bílíọ̀nù kan, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ni tirẹ̀ wà ní ìkáwọ́.

Bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ẹ óò kọ orúkọ oògùn sí i, iye hóró, àti àkókò. Ẹ sì lè ya fọ́tò oògùn náà sí i. Bí àkókò bá tó, fóònù á dún, àwòrán oògùn á yọ lójú rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́ta: ọ̀kan fún "mo ti lò ó", ọ̀kan fún "mi ò lò ó", ọ̀kan fún "tún rán mi létí". Bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ nǹkan kan, á tún dún, lẹ́yìn náà á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mọ̀lẹ́bí tí ẹ bá yàn. Ó ń ka iye hóró tó kù. Ó sì láyè tí ẹ lè máa kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sí, á wá fi ìlà ya bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ lè fi han dókítà. Ẹni tó ń lo iPhone ò nílò kó wá áàpù ọ̀tọ̀ fún ìránnilétí lásán: láti ọdún 2022 tí iOS 16 ti jáde ni ibi oògùn ti wà nínú áàpù Health tó bá fóònù wá.

Fọ́tò yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Bàbá mi kì í ka orúkọ oògùn. Àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe rí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí apoògùn fún wọn ní amlodipine tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, hóró náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, Bàbá sì kọ̀ ọ́, wọ́n ní oògùn tàwọn kọ́ nìyẹn. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹni tó bá rí hóró tí kò mọ̀ rí yẹ kó béèrè kó tó gbé e mì. Àǹtí mi pe apoògùn, ó rí i dájú pé oògùn kan náà ni, òun àti Bàbá sì jọ ya fọ́tò tuntun sínú áàpù. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá dún, wọn á gbé hóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, wọn á wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń fi òwú wé aṣọ nígbà iṣẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ju oògùn kan lọ, tí hóró méjì sì funfun bákan náà, yóò mọ ìdí tí mo fi ń yin nǹkan kékeré yìí.

Kíka iye hóró tó kù náà dára gan-an. Ìgbà mìíràn wà tí àgbàlagbà ò gbàgbé rárá. Oògùn ló tán, ojú sì ń tì í láti tún sọ fún ọmọ. Àwọn òbí wa lè fi ìyẹn pamọ́ fún wa tipẹ́. Nísinsìnyí, bí hóró bá ti ń lọ sí òpin, áàpù á sọ fún Bàbá, á sì sọ fún Àǹtí mi, kò sí pé ẹnì kan ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Àwọn oògùn kan wà nínú ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí ewu wà nínú kí wọ́n tán lójijì. Clonidine jẹ́ ọ̀kan. Bí èèyàn bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá lè fò sókè ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi kò lo èyí, ṣùgbọ́n bí òbí yín bá ń lò ó, torí kíka hóró yìí nìkan, mo lè ní kí ẹ gba áàpù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí.

Ìró tí áàpù náà bá wá tín-ín-rín, ó sì ga. Bàbá ò gbọ́ ọ. Etí àgbà sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù ohùn tó ga, ohùn tó nípọn ló máa ń gbọ́ jù. Ẹni tó ṣe áàpù fún àgbàlagbà yẹ kó mọ èyí. Ohun tó gbà wá ni pé áàpù náà fàyè gbà wá láti fi ohùn tiwa sí i. Ọmọ Àǹtí mi tó kéré jù ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Bàbá àgbà, ẹ káàárọ̀ o. Àkókò oògùn yín ti tó." Bàbá sì máa ń dá fóònù lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Kì í ṣe gbogbo áàpù ló gba kí èèyàn lo ohùn tirẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó yan èyíkéyìí.

Bọ́tìnnì "mo ti lò ó" àti bọ́tìnnì "mi ò lò ó" sún mọ́ra jù, lẹ́tà wọn sì kéré. Ẹni tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n yóò tẹ èyí tí kò fẹ́. A fi ibi ètò fóònù mú lẹ́tà tóbi, ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà tóbi tán, ọ̀rọ̀ ò gba ojú fóònù mọ́, ìdajì rẹ̀ pamọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí Bàbá mú ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wá, ó tún fẹ́ wo gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù wọn. Kí ni áàpù oògùn fẹ́ fi orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá ṣe? A kọ̀ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ láìsí i. Ọ̀rọ̀ àìlera èèyàn kì í ṣe ohun tí a ń dà sí ìgboro. Ẹ ka ohun tí áàpù ń tọrọ dáadáa kí ẹ tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Àléébù tó burú jù lọ ni kí ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń pa áàpù tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fún ìgbà díẹ̀, kí bátìrì má baà tètè tán, àgbàlagbà kì í sì í ṣí áàpù kiri. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti Android 13 tó jáde ní ọdún 2022, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lè máa fi ìkìlọ̀ hàn lójú fóònù. Ní Android 14 ti ọdún 2023, ọ̀pọ̀ áàpù tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ni fóònù kì í gbà láyè láti dún ní ìṣẹ́jú gẹ́lẹ́ tí a yàn, àfi bí oní-fóònù bá lọ yọ̀ǹda rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlànà tó dára ni, nítorí áàpù aláriwo pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ti tẹ "rárá" lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀, oògùn òwúrọ̀ di àwátì, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé fóònù ò dún. Ẹ wọ ibi ètò fóònù lọ. Ẹ yọ̀ǹda ìkìlọ̀ fún áàpù náà, ẹ yọ̀ǹda kó dún ní àkókò gẹ́lẹ́, ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa nítorí bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná ojú fóònù, kì í ṣe fóònù fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láì fọwọ́ kàn án, kí ẹ wò ó bóyá yóò dún. Bí kò bá dún, áláàmù lásán tó bá fóònù wá sàn jù ú lọ. Áláàmù ò mọ oògùn, ṣùgbọ́n kì í sùn.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìkọ̀wé yìí gan-an ni ti iṣẹ́ tí áàpù ń rán sí mọ̀lẹ́bí.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, èmi àti Àǹtí mi la fi orúkọ sílẹ̀. Bí Bàbá bá pẹ́ díẹ̀ láti tẹ bọ́tìnnì, fóònù wa méjèèjì á dún. Àǹtí mi á pè: "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ ò tíì lo oògùn yín?" Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán, èmi náà á ti pè. Bàbá fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti yan ẹ̀ṣọ́ tì mí ni? Mo bí yín o." Ohùn wọn ò le nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àkọsílẹ̀ áàpù mọ́ tónítóní. Bó bá ti ń dún báyìí ni wọ́n ti ń tẹ "mo ti lò ó". Kò sí hóró tí wọ́n fò, gẹ́gẹ́ bí áàpù ṣe wí. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá sì ń sọ nǹkan mìíràn: 152/88, 158/90, 154/86, òwúrọ̀ lẹ́yìn òwúrọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìfúnpá òkè, èkejì ni ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ga jù.

Àǹtí mi ló rí i. Ike hydrochlorothiazide ṣì kún, nígbà tí áàpù ti ń sọ pé ó ń tán lọ. Ó jókòó ti Bàbá, kò pariwo, kò béèrè ìdí tí wọ́n fi purọ́, nítorí kì í ṣe irọ́ ló wà nílẹ̀. Ó béèrè bí oògùn náà ṣe ń ṣe wọ́n lára. Bàbá wá sọ pé àwọn àti àwọn ẹgbẹ́ àwọn máa ń jókòó papọ̀ láàárọ̀, ilé ìtọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ń jókòó sí, oògùn yẹn sì ń mú kí àwọn máa dìde ní gbogbo ìgbà lójú àwọn ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọn ò tètè débẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́ láyé wọn. Méjì yòókù ni wọ́n ń lò.

Áàpù wo ló lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí? Gbogbo ohun tí áàpù mọ̀ ni pé ìka tẹ bọ́tìnnì. Bí oògùn bá ń wú ẹsẹ̀, bí amlodipine ṣe lè ṣe, tàbí tó ń fa ikọ́ gbígbẹ, bí lisinopril ṣe lè ṣe, bí òòyì bá ń kọ́ èèyàn nígbà tó bá dìde lórí àga, ẹni náà lè fi oògùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n orí ara rẹ̀, kó má sì gbàgbé nǹkan kan. Ìránnilétí ò lè wo ohun tí kì í ṣe ìgbàgbé. Dókítà ló wò ó fún wa. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí Bàbá bá ń jáde, kí wọ́n lo ti títọ̀ yẹn nígbà tí wọ́n bá padà délé lọ́sàn-án, kó má ṣáà ti di alẹ́ tí yóò máa jí wọn lójú oorun. Lórí àkókò oògùn lápapọ̀, ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ TIME wà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Ènìyàn 21,104 ló kópa. Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ àti àwọn tó ń lò ó lálẹ́ ò yàtọ̀ síra nínú àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni fún irú Bàbá mi. Àkókò tó bá ìgbé ayé àgbàlagbà mu ni kó bá dókítà rẹ̀ mú, kì í ṣe èyí tí áàpù ti kọ sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo rí èyí tán ni mo wá lóye ìwádìí kan tí mo ti kà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí Medisafe, áàpù kan tó ń rán èèyàn létí oògùn. Ènìyàn 411 tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò tíì wà ní ìkáwọ́ ni wọ́n pín sí méjì fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan gba áàpù, àwọn kan ò gbà á. Àwọn tó gba áàpù sọ pé àwọn ń lo oògùn dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá òkè, ti àwọn tó ní áàpù fi 10.6 wálẹ̀, ti àwọn tí kò ní fi 10.1 wálẹ̀. Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Mi ò sọ pé gbogbo wọn ń ṣe bíi Bàbá mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti bọ́tìnnì kì í ṣe ìwọ̀n, ìwọ̀n nìkan ni ìwọ̀n.

Ìwọ̀n yìí gan-an ló sì yí ọ̀rọ̀ Bàbá padà. Télọ̀ ni wọ́n, ẹ má gbàgbé. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sínú ìwé: èjìká, àyà, gígùn apá. Nígbà tí Àǹtí mi fi ìlà tí áàpù ń yà hàn wọ́n, tó fi ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lo oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọn ò lò ó pé, wọ́n ní kó tún un ṣe kí àwọn rí i dáadáa. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń wọn ara wọn, àwọn ló ń kọ ọ́. Áàpù náà lè gba nọ́ńbà láti inú ẹ̀rọ ìwọ̀n nípasẹ̀ Bluetooth láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Bàbá ò fẹ́ ìyẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ tó kọ nọ́ńbà máa ń rántí rẹ̀.

Ẹni tó bá máa wọ̀n ọ́n nílé, kó wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, torí nọ́ńbà tí kò tọ́ burú ju kò-sí-nọ́ńbà lọ. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà. Ara ni kí wọ́n de ẹ̀rọ mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Kó má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, kó sì ti tọ̀ kó tó jókòó. Kó má sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fún apá. Lẹ́ẹ̀mejì ni, kó fi bí ìṣẹ́jú kan sí àárín wọn. Ẹ̀rọ tó ń wọn òkè apá ni kí ẹ wá, ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Nínú ìlànà àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù, 135/85 ni wọ́n fi ṣe ààlà fún ohun tí a bá wọ̀n nílé. Dókítà yín ni yóò sọ ibi tó yẹ kí ti òbí yín dé. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ pe dókítà. Àgbàlagbà tó ṣubú kì í rọrùn gbé dìde.

Ní ti iṣẹ́ tí áàpù ń rán sí mọ̀lẹ́bí, a ò pa á. A ní kí Bàbá yan ẹni tó wù wọ́n. Ọmọ Àǹtí mi àgbà ni wọ́n yàn, kì í ṣe èmi, kì í ṣe Àǹtí mi. A sún àkókò rẹ̀ síwájú gan-an, kó má máa ké nítorí pé wọ́n ṣì wà nílé ìwẹ̀. Amlodipine máa ń pẹ́ nínú ara. Ó ń gbà tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà wákàtí díẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ kì í ṣe ohun tí ìdílé ń torí rẹ̀ sáré. Bí ọmọkùnrin náà bá rí iṣẹ́, ó máa ń pè láti kí wọn, wọn á tàkúrọ̀sọ lórí bọ́ọ̀lù, Bàbá fúnra wọn ni á sọ pé, "Jẹ́ kí n lọ lo oògùn mi ná." A tún béèrè lọ́wọ́ dókítà ohun tí wọn óò ṣe bí wọ́n bá fo hóró kan, a sì kọ èsì náà sí ibi àkọsílẹ̀ inú áàpù: kí wọ́n lò ó bí wọ́n bá rántí lọ́jọ́ náà, bó bá ti di ọjọ́ kejì, kí wọ́n lo ti ọjọ́ kejì nìkan, kí wọ́n má lo méjì pọ̀. Oògùn oníkálukú yàtọ̀, ẹ béèrè tiyín.

Ó tó ìgbà kan, dókítà pa amlodipine àti lisinopril pọ̀ di hóró kan ṣoṣo. Irú hóró àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémáàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 2019. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: ohun tí èyí ṣe fún Bàbá nìkan pọ̀ ju ohun tí ìró fóònù ṣe lọ. Kí ẹ tó wá áàpù, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá hóró lè dín kù.

Ta ni mo lè ní kó gbà á? Àgbàlagbà tó ń gbàgbé lóòótọ́, tó ní fóònù tó ń lò lójoojúmọ́, tí ẹnì kan sì wà tó lè bá a ṣe ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀ jù, tí kò mọ̀ bóyá òun ti lò ó tàbí òun ò tíì lò ó, ẹ má fi oògùn rẹ̀ lé fóònù nìkan lọ́wọ́. Ènìyàn ni irú wọn nílò, àti àpótí oògùn oní-yàrá ọjọ́ méje. Ẹni tí kò ní ju fóònù onítítẹ̀ lọ, kó má rò pé wọ́n ti fi òun sílẹ̀. Ní Cape Town, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún kan, ènìyàn 1,372 ló wà nínú ìwádìí náà, èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn Circulation ní ọdún 2016. Ìfúnpá òkè ti àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ fi nǹkan bí 2 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á. Kékeré ni lóòótọ́. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n fún láyè láti máa dáhùn padà lórí fóònù, èsì tiwọn ò dára ju ti àwọn tó kàn ń ka iṣẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kó gbogbo bọ́tìnnì sínú áàpù ronú sí èyí.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe kò pọ̀. Ohùn tó nípọn látìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì tó tóbi, tó jìnnà síra. Èdè tí àgbàlagbà ń sọ nílé. Kí áàpù yẹ ara rẹ̀ wò, kó kígbe síta bí fóònù bá ti dí i lọ́nà láti dún. Kí bọ́tìnnì "mi ò lò ó" ṣí ìbéèrè kan sílẹ̀ pé kí ló dé, kí èsì náà sì lọ sọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe sọ́dọ̀ ọmọ. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo oògùn fúnra rẹ̀, lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ kó mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ti ìkẹyìn yìí nìkan, màá sọ ìràwọ̀ 3 àtààbọ̀ mi di 4 àtààbọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìfúnpá Bàbá wà láàárín 128 sí 136 lókè ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ báyìí. Àwọn ni wọ́n ń pè mí láti sọ ọ́ fún mi.